Má Sá fún Ilẹ̀kùn Tó Wọ́

Ilé Ọ̀gá Bùrẹ̀mọ́,
Bẹ́yerúnkà, Ìbàdàn.

Kàmọ́rù, Àkànní ọmọ mi, ọmọ tó di ìfági mú kó tó mọ ọbẹ̀ sè fún ara rẹ̀,

Ara mi yá, inú mi dùn, ọwọ́ mi sì ń sáré ju bírò lọ. Nítorí náà, bí o bá rí ibi tí ọ̀rọ̀ ti gun ara wọn lórí, má bínú, ayọ̀ ló ń tì mí lẹ́yìn. Ìyàwó tuntun ni màmá rẹ! Bí mo bá jí láàárọ̀, mo ṣì máa ń sọ ọ́ fún ara mi kí n tó fẹsẹ̀ kan ilẹ̀: Sìdíkátù, ìyàwó tuntun ni ọ́ o. Àwọn ìyàwó ilé tí mo lè bí lọ́mọ ni ìyálé mi nínú agbo ilé yìí, nítorí pé wọ́n ṣáájú mi wọlé. Wọ́n á ní, "Ìyàwó, ẹ kúnlẹ̀ kẹ́ ẹ kí wa dáadáa." Èmi náà á kúnlẹ̀ tẹ̀rín-tẹ̀rín, orúnkún mi á sì ké bí ilẹ̀kùn tí wọn kò fi epo sí rí. Gbogbo ọ̀dẹ̀dẹ̀ á bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yìí ni mo ń jẹ láàárọ̀, òun ni mo ń jẹ lálẹ́.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe torí ayọ̀ mi ni mo ṣe jókòó kọ̀wé. Ràfátù ìyàwó rẹ ló pè mí lánàá. Ó ní, "Màámi, ẹ bá mi bá ọmọ yín sọ̀rọ̀. Wọ́n ti pa fóònù wọn. Ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù Màmá Olùkọ́ ti wọ́, màmá yẹn sì ń wá jókòó sí ṣọ́ọ̀bù, wọn kì í bá ọmọ yín níbẹ̀."

Mo ní kó gbé fóònù tirẹ̀ fún ọ. Ó lọ, ó bọ̀, ó ní, "Wọ́n ní àwọn ń sùn."

"Oorun wo ni káfíńtà ń sùn nígbà tí oòrùn wà ní àtàrí?"

"Màámi, ojú wọn là rekete. Àwọn fúnra wọn ló ní kí n sọ pé àwọn ń sùn."

Mo rẹ́rìn-ín, Àkànní, mi ò ní purọ́ fún ọ. Lẹ́yìn ẹ̀rín ni àyà mi wá já, nítorí Ràfátù ro gbogbo rẹ̀ fún mi. Ó ní Màmá Olùkọ́ yìí ni ẹni àkọ́kọ́ tó fọkàn tán ọ láti ìgbà tí o ti ṣí ṣọ́ọ̀bù sí Ògbómọ̀ṣọ́. Ó ní ó fi kọ́bọ́ọ̀dù kíṣìnì rẹ̀ dán ọ wò ni, pé bó bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, ìwọ ni yóò ṣe ilẹ̀kùn gbogbo ilé kí àwọn ọmọ rẹ̀ tó dé fún Kérésì. Ó tún ní o ti ń sọ pé o fẹ́ ti ṣọ́ọ̀bù pa, kí o padà wá sí Ìbàdàn wá gun ọ̀kadà. Ọ̀kadà! Ìwọ tí kẹ̀kẹ́ ológeere gbé wọ inú agbada epo àkàrà ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ Màpó, ọpẹ́lọpẹ́ pé epo ọ̀hún ti tutù! Jọ̀ọ́, fi ọ̀kadà sílẹ̀ fún àwọn tí Ọlọ́run dá a fún. Igi ni tìrẹ.

Mo wá mú bébà. Fóònù ṣe é pa, bébà kò ṣe é pa. Jókòó sórí àga tí o fọwọ́ ara rẹ kàn, kó o gbọ́ mi.

Èkíní, má sá fún oníbàárà.

Nígbà tí mo ń kọ́ṣẹ́ télọ̀ lọ́dọ̀ ọ̀gá mi ní Àrẹ̀mọ, ìyá kan wà tó ń ta òwú ní Ọjà'ba. Ó mú aṣọ bùbá kan wá fún wa rán, aṣọ tó fẹ́ wọ̀ lọ kí àna rẹ̀. Ọ̀gá mi ránṣọ náà tán, ó ní kí n lọ̀ ọ́, ó sì jáde. Èmi gbé áyọ́ọ̀nù eléèédú lé apá bùbá, mo yíjú sí ẹnìkan tó ń kí mi láti ìta. Kí n tó yíjú padà, apá aṣọ ti dúdú bí ìdí ìkòkò. Kí ni mo ṣe? Mo bẹ́ jáde gba ẹ̀yìnkùlé. Mi ò dúró títí mo fi dé Oríta-mẹ́rin, mo sì lọ há ara mi sẹ́yìn ẹní tí wọ́n ká jọ sí ìsọ̀ obìnrin kan tó mọ ìyá mi. Mo ní títí ilẹ̀ á fi ṣú, kò séèyàn tó máa rí mi.

Ìyá olówùú jókòó sẹ́nu ọ̀nà wa títí, ó sú u, ó ní kí òun kúkú lọ ra ẹní kí òun tó relé. Àkànní, nínú gbogbo ẹní tó wà ní Ìbàdàn, èyí tí mo sá sí lẹ́yìn ló wù ú! Wọ́n fa ẹní, èmi nìyẹn, mo ká jọ bí ológbò tó jí ẹran. Ìyá náà wò mí, ó yíjú sí ẹni tó ń ta ẹní, ó ní, "Iye tẹ́ ẹ máa tà á lẹ sọ fún mi, ẹ ò sọ pé èèyàn wà nínú ẹ̀."

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Ó fà mí dìde, ó ní, "Aṣọ jó, mo ti mọ̀, mo gbóòórùn ẹ̀ látẹnu ọ̀nà. Aṣọ tó jó kò dùn mí. Ìjókòó tí mo jókòó sẹ́nu ọ̀nà yín bí ẹni tó wá tọrọ iyọ̀, òun ló dùn mí."

Mi ò gbàgbé gbólóhùn yẹn rí. A jọ padà sí ṣọ́ọ̀bù. Mo gé apá méjèèjì kúrú, mo fi aṣọ tó ṣẹ́kù ṣe etí sí i, ó sì wọ̀ ọ́ lọ sí ilé àna. Kí oṣù tó parí, àwọn kan láti Ọjà'ba ti ń wá bá wa pé àwọn fẹ́ apá kúkúrú bíi tìyá olówùú. Ṣé o rí i? Ká ní mo dúró sí ṣọ́ọ̀bù láti ìbẹ̀rẹ̀, bóyá ẹkún yẹn ì bá má wáyé rárá.

Nítorí náà, ilẹ̀kùn tó wọ́ kọ́ ló ń bí Màmá Olùkọ́ nínú, ọmọ mi. Bẹ́ǹṣì ṣọ́ọ̀bù rẹ ni. Olùkọ́ ni, gbogbo ayé rẹ̀ ló fi dúró níwájú àwọn èèyàn tó gbọ́dọ̀ dáhùn bó bá pe orúkọ wọn. Ìwọ ni akẹ́kọ̀ọ́ àkọ́kọ́ tó pè tí kò dáhùn. Ojú lọ̀rọ̀ wà. Gbé ojú rẹ lọ bá a.

Èkejì, má fi agbára tọ́ igi tó wọ́. Èyí ni mo fi ojú ara mi rí, òun náà ló sì fún mi lọ́kọ, nítorí náà mi ò lè sọ ọ́ ní ṣókí.

O rántí kọ́bọ́ọ̀dù tí mo ní kí wọ́n ṣe sí kíṣìnì mi ní Àrẹ̀mọ lẹ́yìn tí o kó lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́. Mi ò fẹ́ dà ọ́ láàmú, mo gbé e fún káfíńtà kan tó ń kọjá ládùúgbò. Ojú rẹ̀ dán nígbà tó gbé e wá, fọ́míkà aláwọ̀ wàrà, gbogbo ará ilé ń wá wo òjìji ara wọn nínú rẹ̀. Òjò dé, ilẹ̀kùn bẹ̀rẹ̀ sí í ká. Òkè rẹ̀ kan kọ́bọ́ọ̀dù, ìsàlẹ̀ rẹ̀ yọ síta bí ètè ọmọ tí wọ́n gba mọ́ínmọ́ín lọ́wọ́ rẹ̀. Mo wá káfíńtà títí, ó ti kó kúrò. Àwọn tó ń sá pọ̀ nínú iṣẹ́ yín, ìdí tí mo fi ń pariwo mọ́ ọ nìyẹn.

Mo ní èmi náà gbọ́n. Mo tú ilẹ̀kùn kan, mo da omi sí i lára kó lè rọ̀, mo tẹ́ ẹ sí àgbàlá nínú oòrùn, mo gbé ọlọ lé e lórí. Mo ní bó bá di àṣáálẹ́, á ti nà tọ́ọ́. Ewúrẹ́ ilé rí i pé ibẹ̀ tutù, òun náà wá dùbúlẹ̀ ti ọlọ. Nígbà tí mo padà wò ó, pláíwúùdù ti là sí abala-abala bí àlùbọ́sà, fọ́míkà ti ṣí níkùn, ilẹ̀kùn tó ti ká síwájú tẹ́lẹ̀ ti wá yí bí ìgbà tí èèyàn ń fún aṣọ tútù.

Wọ́n ní Ọ̀gá Bùrẹ̀mọ́ wà ní Bẹẹrẹ, pé ó mọ iṣẹ́. Mo lọ bẹ̀ ẹ́, ó wá. Ó dúró ní àgbàlá, ó wo ilẹ̀kùn, ó wo ọlọ, ó wo ewúrẹ́ tó ń jẹ àpọ́jẹ lórí iṣẹ́ ẹlòmíràn. Ó fi ohùn jẹ́jẹ́ bi mí, "Ẹ jọ̀ọ́, èwo nínú yín ni káfíńtà?"

Mo ní, "Ewúrẹ́ ni. Èmi ni mo ń bá a gbé irinṣẹ́."

Àkànní, ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín títí ó fi wá ibi jókòó sí. Ó nu ojú, ó tún wo ewúrẹ́, ó tún bẹ̀rẹ̀. Láti ìgbà tí bàbá rẹ ti lọ, kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere, mi ò tíì rí ọkùnrin tí mo sọ̀rọ̀ tó rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀. Mo wò ó, mo ní, háà, ẹni yìí ní ìlera.

Nígbà tó tán, ó yí ilẹ̀kùn kan tó ṣì dára díẹ̀ padà, ó fi ẹ̀yìn rẹ̀ hàn mí. Ó ní, "Ẹ wo ojú ẹ̀, ó wọṣọ. Ẹ wo ẹ̀yìn ẹ̀, ìhòòhò ni. Bí òjò bá dé, ẹ̀yìn á mu omi, á wú. Ojú ò lè mu, fọ́míkà ò gbà á láyè. Apá kan ń gbòòrò, èkejì dúró gbagidi. Kí ni igi máa ṣe ju kó ká lọ? Bí ọyẹ́ bá dé, ẹ̀yìn á gbẹ, á fún, á tún ká sí ibòmíràn."

Mo ní, "Ó dà bíi kọ́là!"

Ó ní, "Kọ́là wo?"

Mo ṣàlàyé fún un. Àwa télọ̀ ní aṣọ líle tí a ń pè ní sítéè, òun ló ń mú kọ́là ṣẹ́ẹ̀tì dúró. Bí télọ̀ bá lẹ sítéè tó nípọn jù mọ́ awẹ́ kan, tó fi awẹ́ kejì sílẹ̀ lásán, kọ́là á dára lójú lọ́jọ́ tí o gbé e. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá fọ̀ ọ́, á ká sókè bí etí ajá, kò sì sí áyọ́ọ̀nù tó máa tẹ̀ ẹ́ kalẹ̀. Awẹ́ méjèèjì gbọ́dọ̀ mọ nǹkan kan náà.

Ó gbé ilẹ̀kùn kalẹ̀. Ó ní, "Ẹ tún un sọ." Mo tún un sọ. Ó ní, "Gbogbo ọdún tí mo ti ń ṣàlàyé ọ̀rọ̀ yìí fún oníbàárà, kò séyìí tó ti ẹnu mi jáde tó ṣe kedere tó báyìí." Ọ̀gá Télọ̀ ló ń pè mí láti ọjọ́ yẹn. Lẹ́yìn yìgì ló tó wá ń pè mí ní Àṣàkẹ́.

Nítorí náà ni mo ṣe bi Ràfátù pé, ilẹ̀kùn Màmá Olùkọ́, ẹ̀yìn rẹ̀ ńkọ́? Ó ní òun rò pé kò sí nǹkan kan lẹ́yìn rẹ̀. Áà, Àkànní! Mo mọ ohun tí o rò. O rò pé ta ló ń wo ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Màmá Olùkọ́ ló ń wò ó! Ẹni tó wá kí i ló ń rí ojú. Òun tó ń sè, tó ń ṣí i mú iyọ̀, tó ń ṣí i mú ata, ẹ̀yìn ló ń rí láàárọ̀, ẹ̀yìn ló ń rí lálẹ́. Má tún ṣe ẹ̀yìn fún oníbàárà bí ibi tí kò séèyàn.

Ẹ̀kẹta ni iṣẹ́ gan-an. Láàárọ̀ yìí, bí Ọ̀gá ṣe ń fi ògì jẹ àkàrà, mo mú bírò, mo ní, "Ọ̀gá mi, bí ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù bá ti wọ́ sílé oníbàárà, báwo lẹ ṣe ń ṣe é?"

Ó ní, "Àṣàkẹ́, kọ́bọ́ọ̀dù ta ni?"

Mo ní, "Iṣẹ́ ọmọ mi ni."

Ó gbé ife ògì kalẹ̀. Ó ní, "Níbo ló kó ilẹ̀kùn náà sí kó tó dè é?"

Mo ní Ràfátù sọ pé o fi wọ́n ti ògiri kíṣìnì tuntun náà, wọ́n sì ṣẹ̀ṣẹ̀ rẹ́ ògiri ọ̀hún. Ó fọwọ́ gbá itan. "Ògiri tútù! Sìmẹ́ńtì tó ń làágùn! Ó fún igi ní omi mu tán kó tó gbé e kọ́." Kò bínú o, má rò bẹ́ẹ̀. Ó sọ ọ́ bí dókítà tó ti rí ibi tí ibà gbà wọlé. Bó ṣe ń sọ ni mo ń kọ:

Tú gbogbo rẹ̀ kalẹ̀, kó o sì kọ nọ́ńbà sẹ́yìn ọ̀kọ̀ọ̀kan kí wọ́n má baà ṣì ilé ara wọn mọ̀. Má fi ti ògiri. Tẹ́ wọn sílẹ̀ nínú ilé, lórí igi tẹ́ẹ́rẹ́, kí atẹ́gùn lè gba abẹ́ gba òkè. Jẹ́ kí wọ́n gbẹ fúnra wọn. Oòrùn kọ́, iná kọ́, ọlọ kọ́. (Ọ̀rọ̀ ọlọ yẹn, ó wò mí nígbà tó sọ ọ́.)

Bí wọ́n bá gbẹ, gbé ọ̀kọ̀ọ̀kan sókè, di ojú kan, wo etí rẹ̀ bí ẹni tó ń fi òwú sójú abẹ́rẹ́. Ìwọ á rí ibi tó ti yẹ̀. Èyí tó yẹ̀ díẹ̀, kì í ṣe àìsàn. Fi híńjì kẹta sí àárín, fi mágínẹ́ẹ̀tì sí igun tó ń yọ síta, kó lè máa fà á wọlé. Kó o wá fún ẹ̀yìn rẹ̀ ní aṣọ. Bí fọ́míkà bá wà lójú, fọ́míkà ni kó wà lẹ́yìn. Bó bá jẹ́ ọ̀dà ni, iye ìgbà tí búrọ́ọ̀ṣì bá gba ojú ni kó gba ẹ̀yìn, kó sì gba etí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, nítorí etí ni igi fi ń mumi jù. Há a sáàárín pákó méjì tó tẹ́jú, fi kíláǹpù, irin ìdimú, fún un pinpin, má sì tú u títí gọ́ọ̀mù á fi gbẹ dénú.

Èyí tó ká gan-an, la ojú ihò tẹ́ẹ́rẹ́ sẹ́yìn rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀, má jẹ́ kó jìn dé ojú. Gbẹ́ igi apá, igi líle nì, èyí tó gbẹ, tó sì tọ́, fi gọ́ọ̀mù há a sínú ojú ihò náà, kó o fi kíláǹpù fún un. Igi apá yẹn ni yóò di egungun ẹ̀yìn rẹ̀. Kó o tó wá bo ẹ̀yìn.

Èyí tó ti là bí àlùbọ́sà, má bá a jà. Ṣe òmíràn. Mo ní, "Ṣé a ò lè fi ìṣó kàn án mọ́ra ni?" Ọ̀gá ní, "Àṣàkẹ́, ìwọ náà tún ti fẹ́ lọ pe ewúrẹ́ wá."

Èmi àti òun rẹ́rìn-ín débi pé ìyálé mi kan yọjú láti yàrá rẹ̀, ó ní, "Ìyàwó, ṣé irú ẹ̀rín báyìí lẹ ń rín nílé yín kẹ́ ẹ tó wá?" Mo ní, "Ẹ má bínú, ìyálé mi, ọkọ yín ni ò jẹ́ n gbádùn."

Ó yẹ kí n sọ ẹ̀kẹrin báyìí. Àbí ẹ̀karùn-ún ló kàn? Mi ò kà mọ́. Eléyìí jẹ́ ti sùúrù ṣá. A kì í fi ìkánjú lá ọbẹ̀ gbígbóná, igi náà kì í gbẹ nítorí pé a ń kánjú. Sọ fún Màmá Olùkọ́ pé ó máa gba ọjọ́ díẹ̀, kó o sì máa lọ wò wọ́n lójoojúmọ́, kó máa rí ọ. Ọ̀gá náà ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà tó ń tún tèmi ṣe. Ó ń wá láàárọ̀, á tẹ ilẹ̀kùn wò, á lọ. Nígbà tó yá, ó ń wá ní ìrọ̀lẹ́ pẹ̀lú. Gbogbo ilẹ̀kùn ti wà láyè wọn, ó ku ẹyọ kan, ẹyọ kan yìí kò sì tán. Òjò tán, ọyẹ́ wọlé, ó ṣì ń wá tẹ̀ ẹ́ wò.

Lọ́jọ́ kan, mo ní, "Ọ̀gá, ilẹ̀kùn kan ṣoṣo, láti ìgbà àgbàdo!"

Ó ní, "Kò tíì balẹ̀ ni."

Mo ní, "Ilẹ̀kùn ni kò tíì balẹ̀, àbí ẹ̀yin?"

Ó wo ilẹ̀kùn, ó wo ọwọ́ ara rẹ̀, ó ní, "Èmi ni." Bẹ́ẹ̀ ló ṣe sọ ọ́, Àkànní. Kò fi ọ̀dà kùn ún, kò fi fọ́míkà bò ó. Ọ̀rọ̀ tí ẹ̀yìn rẹ̀ rí bí ojú rẹ̀ ni. Mo sì mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé bí wọ́n bá ń so yìgì lọ́la, mo ti múra.

Wò ó, irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ náà ni kó o bá Màmá Olùkọ́ sọ. Dọ̀bálẹ̀ kó o tó lanu. Má sọ pé pláíwúùdù òde òní ni kò dára. Má sọ pé òjò ni. Má sọ pé àwọn tó rẹ́ ògiri ni. Sọ pé, "Mà, mo fi ẹ̀yìn ilẹ̀kùn yín sílẹ̀ ní ìhòòhò, mo sì kó wọn ti ògiri tútù. Mo mọ ohun tí mo máa ṣe sí i. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ n tú wọn lónìí." Kó o wá dákẹ́. Jẹ́ kó bá ọ wí, iṣẹ́ rẹ̀ ni. Olùkọ́ tó bá ti bá ọmọ wí tán, ó máa ń fún un ní ṣọ́ọ̀kì padà.

Ó ku ọ̀kan, ọ̀kan yìí ló wúwo jù, mo sì fẹ́ fi ẹ̀rín gbé e.

Ràfátù ní òun sọ fún ọ láti ìbẹ̀rẹ̀ pé, "Ẹ ò ṣe pe ọkọ Màámi, ṣebí káfíńtà ni wọ́n?" Ó ní o ní kí òun dákẹ́. Ọmọ mi, mo rí ọ lọ́jọ́ yìgì mi. O wá, o mú ẹran wá, o bá wọn to àga, o ṣe gbogbo ohun tí ọmọ gidi ń ṣe. Nígbà tó kan kí o kí Ọ̀gá, o ní, "Ẹ kú oríire, sà." Sà! Bí ẹni pé máníjà báńkì ni mo fẹ́. Òun náà dá ọ lóhùn pé, "O ṣé, sà." Ẹ̀yin méjèèjì dúró bí ilẹ̀kùn méjì tí híńjì wọn kò bára mu. Mo fi ìborùn bo ẹnu, àwọn èèyàn rò pé ojú ló ń tì mí, ẹ̀rín ni mo ń rín.

Mi ò ní kó o pè é ní bàbá. Bàbá rẹ ni bàbá rẹ, kò sí ẹni tó máa jókòó sórí àga rẹ̀, Ọ̀gá fúnra rẹ̀ kò sì bi mí léèrè àga náà rí. Ṣùgbọ́n káfíńtà ni ọ́, ó sì ti ń fági kí n tó bí ọ. Pè é ní Ọ̀gá. Bí o bá pàdé ẹni tó mọ iṣẹ́ tó bẹ́ẹ̀ ní Mọ̀lété, ohun tí o máa pè é náà nìyẹn, bàbá rẹ kò sì ní bínú sí i. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, t'àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Agbára Ọ̀gá kò tó láti gbé ilẹ̀kùn gbogbo ilé kan mọ́. Ìwọ náà kò sì ní kíláǹpù tó pọ̀ tó, mo mọ̀, Ràfátù ti kà wọ́n fún mi.

Nítorí náà, gbọ́ èyí tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn tí Ọ̀gá jẹun tán. Mo ń ronú bí mo ṣe máa bẹ̀ ẹ́. Ó ti dìde, ó ti wọ inú yàrá irinṣẹ́, mo gbọ́ tí irin ń dún. Ó pariwo láti inú ibẹ̀ pé, "Àṣàkẹ́, ìró rẹ tó ti gbó dà? Mo fẹ́ fi di igi apá, kó má baà gba òtútù lọ́nà."

Mo ní, "Ọ̀nà wo?"

Ó ní, "Ọkọ̀ Ògbómọ̀ṣọ́ máa ń tètè kún láàárọ̀."

Ojú mi kún fún omi, Àkànní, mo wá ń rẹ́rìn-ín nínú rẹ̀. Ìdí tí ibí yìí fi rin nìyẹn. Má rò pé òjò ni.

Òun ló mú lẹ́tà yìí wá fún ọ. Kò mọ ohun tí mo kọ sínú rẹ̀ nípa òun. Bí o ṣe ń kà á yìí, mo mọ ibi tó wà: ó dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù rẹ, ó ń ṣe bí ẹni tó ń wo àjà, àpótí irinṣẹ́ sì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kò ní gbé e kalẹ̀ láìjẹ́ pé wọ́n ní kó gbé e kalẹ̀. Bó ṣe rí nìyẹn. Àpótí ọ̀hún wúwo.

Dá ìwé kíkà dúró. Lọ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

O ti gbà á? Ó dáa. Ìyókù kò pọ̀. Fún un lómi mu, jẹ́ kí Ràfátù gbé àga sí i. Tan fóònù rẹ, kó o pe Màmá Olùkọ́, kó o sọ fún un pé kó má wá jókòó sórí bẹ́ǹṣì lónìí, pé ẹ̀yin méjèèjì ló ń bọ̀ wá bá a nílé. Bí Ọ̀gá bá béèrè ohun tí mo kọ, sọ fún un pé ilẹ̀kùn ìkẹyìn lára kọ́bọ́ọ̀dù mi tí a gbé wá sí Bẹ́yerúnkà ti balẹ̀. Mo pa á dé láàárọ̀ yìí nígbà tó wà nínú yàrá irinṣẹ́, ó dákẹ́ mọ́ àyè rẹ̀ bí ẹnu ọmọ tó yó.

Èmi ni, tẹ̀rín-tẹ̀rín, lórí ẹní tí ẹnikẹ́ni kò sá sí lẹ́yìn rẹ̀,

Màmá rẹ,
Sìdíkátù Àṣàkẹ́, ìyàwó tuntun.